Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Tí N Kò Rí Lójú, ní Etíkun Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ kú ìrònú. Àwọn kan nínú yín ti wá bá mi nílé ní Òde Mahin níbí, wọ́n ní, "Mà, ṣé iṣẹ́ olùkọ́ dára?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó kù sọ́wọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní dára. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ra mọ́tò kí irun yín tó funfun, ẹ ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Bí ẹ bá ní sùúrù, ẹ fa àga sún mọ́ mi.

Èmi kì í ṣe olùkọ́ tó ń dúró níwájú pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mo kọ́, ṣùgbọ́n láti òkèèrè ni. Èmi wà níbí, àwọn wà níbòmíràn: lórí omi, nílé ọkọ, lẹ́yìn ààrò ẹja. Ìṣirò ni mo kọ́ wọn, kí àwọn náà lè di olùkọ́ ọmọdé. Púpọ̀ nínú wọn, bí wọ́n bá kọjá lára mi lọ́jà lónìí, n kò ní dá wọn mọ̀. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Ràfíátù, ìyàwó awakọ̀ ojú omi ní Ugbonla, tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tí mo máa fẹ̀yìn tì. Nítorí tirẹ̀ gan-an ni mo ṣe jókòó kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Abereke ni wọ́n bí mi sí, níbi tí òkun ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, o fẹ́ gbọ́ o, o ò fẹ́ gbọ́ o. Bàbá mi ń dẹ àwọ̀n, ìyá mi ń yan ẹja. Ọkọ̀ ni mo wọ̀ lọ síléèwé, ọkọ̀ náà ni mo wọ̀ lọ ṣèdánwò. Bí mo ṣe parí yunifásítì tí wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ níbẹ̀ kò ní ìtàn kankan nínú: wọ́n ń wá èèyàn, mo wà nítòsí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ẹni tó sọ mí di olùkọ́ ni Ọ̀gá Olúmìdé, ọmọ Ìkálẹ̀, olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ láti òkèèrè. Ọkùnrin náà ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ó máa gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún mi ni. Ó mú mi wọ yàrá kan, ó fún mi ní ìwé ìṣirò, ó bọ́ sí yàrá kejì, ó ti ilẹ̀kùn. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Ó yá, kọ́ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wo ìlà yìí, sà. Bó ṣe ń gòkè báyìí..."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. "Ìlà wo? Báyìí báwo? Ìwọ lo ní ìwé lọ́wọ́, èmi ò ní ju etí lọ. Tún un sọ!"

Ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ la fi ṣe èyí. Kò gbà kí n sọ pé "èyí", kò gbà kí n sọ pé "ìyẹn", kò gbà kí n sọ pé "níbí". Bí mo bá ti ṣì í sọ, ilẹ̀kùn á dún. Mo sunkún lọ́jọ́ kan, ó sì gbọ́ mi. Ó ní, "Ẹkún yẹn yé mi dáadáa. Ẹ̀kọ́ yẹn ni kò yé mi." Inú bí mi débi pé mo ti fẹ́ẹ́ di ẹrù mi padà sí Abereke. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọjọ́ kan dé tó ṣí ilẹ̀kùn, tó na bébà kan sí mi. Àwòrán tí mo ń fi ẹnu ṣàlàyé ló yà síbẹ̀, láì rí ìwé ọwọ́ mi rárá, àwọn méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Kò yìn mí o. Ó kàn ní, "O lè lọ gba ohùn rẹ sílẹ̀ báyìí."

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ń wá ẹni tó máa mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè omi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sá pamọ́, wọ́n ní ẹ̀rù omi ń bà wọ́n. Ẹ̀rù kí ni? Omi tí wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́mọ tuntun! Mo gbà á, mo padà sílé. Nígbà tí mo lọ dágbére fún Ọ̀gá, ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé wọ́n jìnnà. Ìwọ ni kó o sún mọ́ wọn."

Kásẹ́ẹ̀tì là ń lò nígbà náà. Mo máa ń gba ohùn mi sílẹ̀ nígbà tí òkun bá rọlẹ̀ díẹ̀, síbẹ̀ ariwo ìgbì wà nínú gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà nílùú òkè, tí kò rí òkun rí, kọ̀wé sí mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń gbálẹ̀ lẹ́yìn yín ní gbogbo ìgbà? Ilé yín mà mọ́ o." Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo máa ń fi ọ̀rá wé kásẹ́ẹ̀tì, màá fi rán awakọ̀, awakọ̀ á fi rán awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn obìnrin ń gbọ́ ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ẹja lórí ààrò. Bí iṣẹ́ tí mo fún wọn bá padà dé, òórùn rẹ̀ ti sọ orúkọ ẹni tó ṣe é fún mi kí n tó ka ìwé: ti elédé yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́ja yíyan.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, sídíì dé. Iyọ̀ inú atẹ́gùn wa kò jẹ́ kí sídíì pẹ́ láyé. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù dé, gbogbo ayé sì ń jó pé ìṣòro ti tán. Ìṣòro wo ló tán? Ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Iná kò sí, détà wọ́n, nẹ́tíwọọ̀kì ń wọlé ó ń jáde bí àlejò tó ń gbàgbé nǹkan sílé. A kì í tan àwòrán ojú wa rárá, nítorí pé ó ń jẹ détà bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ. Ohùn la fi mọ ara wa.

Èyí tó tóbi jù nínú ìṣòro náà ni àkókò. Mo kọ́kọ́ ń fi agogo dá kíláàsì, bí yunifásítì ṣe wí. Ènìyàn bíi méjì ló ń wọlé. Mo ń bínú sí wọn títí ọpọlọ mi fi ṣí. Lọ́dọ̀ wa, omi ló ń pàṣẹ. Bí omi bá kún, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, ẹja ń gúnlẹ̀, gbogbo obìnrin wà ní èbúté. Bí omi bá fà, odò tó gba àárín ìlú á di ẹrọ̀fọ̀, ọkọ̀ á jókòó síbẹ̀, oníkálukú á wà nílé. Mo bá yí i padà. Mo ní, "Bí omi bá ti fà, kí gbogbo yín wọlé." Áà, kíláàsì kún! Yunifásítì ní kí n kọ wákàtí tí kíláàsì mi ń wáyé ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé ojoojúmọ́ ló ń yí padà. Wọ́n pè mí lórí fóònù láti béèrè bóyá ara mi yá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Abereke láti ìgbà èwe mi. Ibi tí ilé bàbá mi wà, ọkọ̀ ló ń kọjá níbẹ̀ báyìí. Ó ti mọ́ wa lára, bí àìsàn ṣe ń mọ́ èèyàn lára. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, ó dé lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ràn, òjò kò sí, ìjì kò sí. Ìgbì kan dé àgbàlá, èkejì wọ yàrá. Mo fẹ́ padà wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin di apá mi mú, ó ń pariwo pé kí n máa bọ̀, "Ghá! Ghá o! Ṣé wàá bá ulé lọ ni?" Orí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù la ti ń wò ó bí ògiri ṣe ń dà lọ. Àpótí tí mo kó kásẹ́ẹ̀tì mi sí, gbogbo ohùn mi láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, léfòó fún ìgbà díẹ̀, ó rì. N kò sunkún ilé. Àpótí yẹn ni mo sunkún.

Ọ̀gá Olúmìdé ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó gbọ́, ó pè mí. Kò bá mi kẹ́dùn lọ títí, kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ohùn rẹ náà bá omi lọ ni?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"Kí lò ń dúró dè nígbà náà?"

Kò pé ọdún tó fi kú, n kò sì rí i kó tó lọ. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ fún un lọ.

Mo kó wá sí Òde Mahin. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́: bí omi bá fà, ẹ wọlé. Mo wo odò ẹ̀yìnkùlé mi, ó fà, mo wọlé. Mi ò bá ẹnì kankan. Mo dá jókòó síbẹ̀, inú ń bí mi, mo ń sọ pé àwọn ọmọ yìí ti di ọ̀lẹ. Nígbà tó yá, ohùn obìnrin kan wọlé, inú sì ń bí òun náà.

"Iye, a jókòó jókòó, a ò rí yín! Omi ti ń kún padà, ọkọ̀ ti ń lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe ni?"

Iye ni a ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ràfíátù ló ń bá mi wí bẹ́ẹ̀, bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ jà. Àṣé omi etíkun máa ń fà ṣáájú omi inú ilẹ̀ bíi tiwa níbí. Ìgbà tí ti Òde Mahin bá ń fà, ti Ugbonla ti ń padà bọ̀. Kò sí ọmọ Ìlàjẹ tí kò mọ èyí, èmi pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó mọ́ ọ̀rọ̀ kíláàsì. Ará òkè kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn láéláé, ta ni nínú wọn tó máa wo ẹrọ̀fọ̀ kó tó kọ́ni ní ìṣirò? A rẹ́rìn-ín, a sì fẹnu kò pé omi Ugbonla ni gbogbo wa máa lò.

Ràfíátù nìyẹn. Ó lẹ́nu, ó sì ní ọpọlọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró, lákọ̀ọ́kọ́ nítorí oyún, lẹ́ẹ̀kejì nítorí àìsàn ọkọ rẹ̀. Yunifásítì ní iye ọdún tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́, ti Ràfíátù sì pé lọ́dún tí mo ń wí yìí. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù: kó kọ́ àwọn ọmọdé, kí olùdánwò láti yunifásítì máa wò ó lójú fóònù, lẹ́yìn náà kó dáhùn ìbéèrè. Bí kò bá yege, gbogbo ọdún yẹn ti wọmi. Àwọn olùkọ́ tí ìjọba ń rán wá sí Ugbonla kì í lo oṣù mélòó kan kí wọ́n tó wá ọ̀nà lọ. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń retí Ràfíátù, nítorí ó ti ṣèlérí fún àwọn ìyá wọn pé òun kò ní lọ.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Iye, bó bá bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ti ṣe sùúrù tó." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí fún un.

Nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, òkun gbá Ugbonla. Ó wó yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó kù, òpó nẹ́tíwọọ̀kì etíkun sì kú. Ràfíátù ní láti wọkọ̀ gba inú odò wá síbi tí odò ti fẹ̀, níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti wa ti ń tàn dé, kó tó lè pè mí. Ó ń sunkún. Ó ní, "Iye, ibi tí mo wà yìí nìkan ló ti ń mú. Àárín omi ni mo wà."

Mo ní, "Kó àwọn ọmọ wá síbẹ̀."

Ó ní, "Nínú ọkọ̀?"

"Ṣebí nínú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí lọ síléèwé láti ìgbà tí wọ́n ti ń mu ọmú?"

Mo pe olùdánwò, mo ṣàlàyé. Dókítà onímọ̀ ìwé ni, ọkùnrin tó lè jẹ́ àbúrò mi, ọmọ ìlú òkè. Kò fẹ́ gbà. Ó ní kíláàsì gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá. Mo ní, "Dókítà, òkun ti gbé yàrá lọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí a lọ gbà á padà ni?" Ó gbà nígbẹ̀yìn. Mo dá ìdánwò sí ìgbà tí omi Ugbonla bá kún dẹ́nu, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má pẹ́ rárá. Ó pẹ́. Ìpàdé ló ní ó mú òun dúró.

Nígbà tó dé, gbogbo ọmọ ti jókòó nínú ọkọ̀ ńlá, oníkálukú wọ ẹ̀wù ìléfòó, ọkọ Ràfíátù, Bàbá Sẹ̀kínà, wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì. Èmi náà wà lórí fóònù láti Òde Mahin, mo ń wò. Lọ́jọ́ yẹn a tan àwòrán, détà ì báà gbé mi mì.

Ràfíátù kò ní pátákó. Ó mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀, ó ti fi okùn pupa pín in sí ọgbọọgba mẹ́rin. Ó rì í bọ omi títí ó fi kan ilẹ̀, ó fà á yọ.

"Apá mélòó ló tutù?"

Àwọn ọmọ pariwo, "Mẹ́ta, Tíṣà!"

"Mẹ́ta nínú mélòó?"

"Mẹ́rin!"

"Kí la máa pè é?"

Wọ́n pè é bó ṣe yẹ: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ibi tó tutù àti ibi tó gbẹ. Ó bá wọn ṣeré, ó bá wọn wí, ó mú wọn ro ó síwá ro ó sẹ́yìn. Mo gbọ́ bí Dókítà ṣe ń kọ nǹkan. Inú mi ń dùn. Nígbà tó fẹ́ parí, ó ní kí ọmọbìnrin kékeré kan tún ọ̀pá náà rì bọ omi fúnra rẹ̀. Ọmọ náà fà á yọ, ó wò ó, ó ní, "Tíṣà, ìdajì ni báyìí."

Àwọn ọmọ tó kù pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Omi ti ń fà, ó sì ń fà kíákíá. Mo rí ojú Ràfíátù, mo mọ̀ pé òun náà ti rí i.

Dókítà ní, "Ó dáa gan-an, Màdáámù. Ó ku ìbéèrè báyìí. Ẹ jẹ́ kí n..."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mo gbọ́dọ̀ kó àwọn ọmọ yìí padà."

"Padà sí ibo? Ìdánwò kò tíì parí. Ẹni tó bá kúrò kó tó parí ti fìdí rẹmi nìyẹn, òfin ni."

"Mo gbọ́, sà." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọma mi. Bàbá Sẹ̀kínà, ẹ yí ọkọ̀." A gbọ́ ẹ́ńjìnnì, àwòrán sì kú.

Mo gbọ́ tí Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ rí i? Obìnrin yìí pa fóònù mọ́ mi lójú."

Mo ní, "Dókítà, bí odò yẹn bá gbẹ tán, ọkọ̀ á jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀. Ẹrọ̀fọ̀ náà kò ṣeé rìn, ọkọ̀ mìíràn kò sì lè wọlé wá bá wọn. Àwọn ọmọ yẹn á wà nínú oòrùn, láì sí oúnjẹ, títí omi á fi padà dé. Ó mọ ohun tó máa ná òun. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀." N kò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mà, ìbéèrè tó gba máàkì jù nínú èyí tí mo fẹ́ bi í ni ohun tí olùkọ́ máa ṣe bí ewu bá dé bá kíláàsì rẹ̀." Ó pa ìwé náà dé. "N kò rò pé ó yẹ kí n tún bi í, ó ti yege."

Ọjọ́ kejì, bí omi ṣe tún kún, ni ìpè Ràfíátù tó wọlé. Kò jẹ́ kí n kí i. Ó ti ń sọ̀rọ̀ kí n tó gbé fóònù sétí dáadáa.

"Iye, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn dé ulé. Mo fi ọwọ́ ara mi mú wọn fún ìyá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àwọn ọma dé ulé."

Mo ní, "Ràfíátù, ìwọ náà ti gúnlẹ̀."

Kò yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yé e, ó figbe ta lójú omi níbẹ̀, mo sì gbọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀, tí kò lè dá a lóhùn.